Ọjọ́ Tí Ludivia Kò Dúró Ní Oríta

Tí ẹ bá rí ẹnikẹ́ni tó jókòó dáadáa sórí alùpùpù ní Sogamoso ìlú wa, tí ìdí ò ro ó, á fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Ludivia Siachoque ló ṣe ìjókòó tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́ yẹn, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Á gé fómù, á na awọ lé e lórí, á rán an mọ́ra. Kì í fi okùn wọn oníbàárà. Á ní kí o yí ẹ̀yìn padà, á wo ìdí rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí o máa gbé lọ sílé. Lọ́jọ́ tí mo gbé tèmi lọ, ó ní, "Segundo, búrẹ́dì tí ò ń ṣe yẹn, ṣé ẹlòmíì tún máa ń jẹ níbẹ̀?" Èmi ni Segundo Cely. Búrẹ́dì ni mò ń ṣe, òótọ́ sì ni pé mo máa ń jẹ ẹ́.

Kì í ṣe torí ìjókòó ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Gbogbo ìlú ló ń sọ báyìí pé obìnrin burúkú ni Ludivia, pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn. Àwọn tó ń sọ ọ́ ò sí níbẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, nígbà méjèèjì.

Ẹgbẹ́ kékeré kan la jẹ́. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan, a máa ń gun alùpùpù fún ọjọ́ mẹ́rin, a ó sùn ní ìlú mẹ́ta, a ó sì padà wálé pẹ̀lú eruku nínú eyín. Eliécer Tibaduiza tó ń ta irin àti ìṣó ni olórí wa. Òun ló gbé ọmọbìnrin mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún un, nítorí náà "compadre" là ń pe ara wa, ó sì nira lọ́dọ̀ wa kí èèyàn dojú kọ compadre rẹ̀ ní gbangba. Graciliano àti Fidelia ìyàwó rẹ̀ jọ ń gun alùpùpù kan ni. Fidelia ló máa ń wà lẹ́yìn, tí ọkọ bá ti sáré jù, á fi ìgbọ̀nwọ́ gún un níhà. Ẹni tó kù nígbà yẹn ni Fabio, àbúrò Ludivia, tó ń wa bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ ilé ìwé.

Òfin kan ṣoṣo la ní. Lórí òkè níbi tí fóònù kì í ṣiṣẹ́, tí kùrukùru sì lè bo ojú ọ̀nà kí o tó ṣẹ́jú, tí o bá dé oríta, o ò gbọdọ̀ kọjá títí o fi rí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ. O ó dúró síbẹ̀, o ó tan iná sílẹ̀, òjò ì báà máa pa ọ́. Nígbà tí ó bá dé tó sì rí ọ̀nà tí o fẹ́ gbà, ìwọ lè máa lọ, òun ni yóò wá dúró de ẹni tó tẹ̀ lé e. Bí a ṣe ń la òkè kọjá nìyẹn láìsọ ẹnikẹ́ni nù. Ẹni tí kò bá dúró, a ó bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ó tán.

Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ní ọjọ́ kẹrin ìrìn wa, lórí òkè tó wà lẹ́yìn adágún Tota, èmi ni mo wà níwájú Eliécer, Fabio ló sì wà lẹ́yìn gbogbo wa. Mo dúró ní oríta kan. Iná Eliécer yọ nínú kùrukùru, mo gbé ọwọ́ sí i, mo lọ. Nígbà tí mo wo dígí mi, mo rí iná yẹn tó ń tẹ̀ lé mi. Kò dúró. A ti ṣètò ẹja sílẹ̀ ní ilé oúnjẹ kan nísàlẹ̀, ebi ń pa á. Mo rí i, mo sì mọ ohun tí mo rí. Nígbà tí a jókòó tí wọ́n béèrè Fabio, Eliécer ní, "Ó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká jẹun, ẹja ń tutù."

Fabio ò bọ̀. Ó ti gba ọwọ́ òsì níbi tó yẹ kó gba ọ̀tún, ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́ títí ó fi tán, òun àti alùpùpù rẹ̀ sì já sínú kòtò. Egungun ìbàdí rẹ̀ fọ́. Bàbá kan àti ìyàwó rẹ̀ tó ń gbin ọ̀dùnkún ló rí i lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, nígbà tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ onírun àgùntàn wé e, wọ́n sì da aguardiente sí i lẹ́nu, ògógóró wa tó máa ń gbóná dé ìka ẹsẹ̀. Nígbà tí ọlọ́pàá ojú pópó fi máa dé, ó ń rùn bí ilé ọtí. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Eliécer, olórí wa. Tó bá sọ pé ojú Fabio dá, ìbéèrè tó kàn ni ta ló yẹ kó dúró dè é. Ó ní, "Ó ti ń mu láti àárọ̀. Mo kìlọ̀ fún un."

Bí iṣẹ́ Fabio ṣe lọ nìyẹn. Ta ló máa gbé ọmọ rẹ̀ fún ọ̀mùtí? Àwọn ọmọ tó ti ń gbé lọ sílé ìwé láti kékeré sọ ọ́ ní Fabio Onígò, wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé bọ́ọ̀sì tó jẹ́ tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ń tiro. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń bá a gé fómù. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, á sọ fún un pé lẹ́yìn tí òun ṣubú ni wọ́n fún òun ní ọtí mu. Àwọn èèyàn á ní, "A gbọ́, Fabio," wọn á sì máa wo ara wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ludivia lọ wá bàbá àti ìyá yẹn kí wọ́n lè jẹ́rìí. Ilé wọn ti wà ní títì, koríko ti hù lẹ́nu ọ̀nà, àwọn aládùúgbò ní ọmọ wọn ti kó wọn lọ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó kù ní Sogamoso ni èmi. Mo ń ta búrẹ́dì.

Ludivia ò sunkún, kò pariwo. Ó ní kí wọ́n bá òun tún alùpùpù Fabio ṣe, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gùn ún ní ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọ́kọ́ gùn ún, ó kó sínú gọ́tà ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì lójú àwọn tó ń jáde láti ibi ìsìn, ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì, ó tún gùn ún. Lẹ́yìn náà ló wá bá wa pé òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́. Inú Eliécer dùn débi pé ó gbá a mọ́ra. Ó ń sọ káàkiri pé, "Ẹ ò rí i? Ẹ̀gbọ́n Fabio gan-an ti gbà pé Fabio ló jẹ̀bi."

Ludivia tiẹ̀ ṣe ìjókòó fún Eliécer, awọ tó dáa jù nínú ṣọ́ọ̀bù. Mo bi í léèrè ìdí tó fi ṣe é.

"Kí ìdí rẹ̀ balẹ̀ ni," ó ní. "Ẹni tí ìdí rẹ̀ balẹ̀ kì í bojú wẹ̀yìn. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn, Segundo. Tí mo bá jí, kí n tó ṣe àmì àgbélébùú, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí."

Mo ní kó fi ọ̀rọ̀ náà fún Ọlọ́run. Ó ní Ọlọ́run ní ìjókòó tirẹ̀, òun ò bá a ṣe é. Ọdún márùn-ún ló fi bá wa rìn, ó jẹ eruku wa, ó dúró ní gbogbo oríta láìyẹ ẹyọ kan, ó sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tó yẹ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún yìí, El Cocuy là ń lọ. A sùn ní Soatá lọ́jọ́ kìíní, a jẹ èso ọ̀pẹ dídùn wọn títí inú fi ń run Graciliano. Lọ́jọ́ kejì a sọ̀ kalẹ̀ sínú ooru Capitanejo, a tún gòkè padà sínú òtútù, a dé El Cocuy ní ìrọ̀lẹ́. Níbi oúnjẹ, Eliécer bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn ọlọ́jà ibẹ̀ lẹ́rìn-ín. Ó sọ ti Fabio Onígò fún wọn, bó ṣe wa alùpùpù sínú kòtò tó rò pé ibùsùn lòun wọ̀. Ó ń fara ṣe é, ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ó ń ṣe bí ẹni tó di ìgò mú. Ludivia jókòó ní ọ̀tún rẹ̀ gan-an. Ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó di eteetí yẹ̀rì rẹ̀ mú ṣinṣin.

Àṣà wa ni pé olórí á ṣíwájú fún ọjọ́ méjì, ní ọjọ́ kẹta á bọ́ sẹ́yìn pátápátá kí òun náà jẹ eruku àwọn yòókù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bí a ti ń di ẹrù mọ́ alùpùpù, Ludivia ní, "Èmi ni mo fẹ́ wà níwájú Don Eliécer lónìí." Ó máa ń fi "Don" bọ̀wọ̀ fún un.

Eliécer rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o! Ó fẹ́ kí n máa wo ìdí òun títí dé Socha."

"Ẹ máa wò ó dáadáa, Don Eliécer," Ludivia dá a lóhùn. "Tí ẹ bá fi lè gbójú kúrò níbẹ̀, ẹ máa sọnù."

Fidelia rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Graciliano àti Fidelia ṣíwájú, èmi tẹ̀ lé wọn, Ludivia tẹ̀ lé mi, Eliécer kẹ́yìn. A gba ìlú Chita kọjá, a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè.

Lókè yẹn, ní ibi tí igi ti tán tó jẹ́ koríko àti òkúta nìkan ló kù, kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ lé wa lórí bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ bo àwo oúnjẹ. N kò rí ju táyà iwájú mi lọ. Oríta kan wà níbẹ̀ tó ní àgbélébùú símẹ́ńtì funfun. Ọwọ́ ọ̀tún lọ sí Socha, ìlú tí a máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọwọ́ òsì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí oko ọ̀dùnkún, ó sì fẹ̀ ju ti ọ̀tún lọ, àlejò èyíkéyìí á gba òsì. Mo bá Graciliano níbẹ̀, ó gbọ́wọ́ sí mi, ó lọ. Èmi náà dúró. Iná Ludivia yọ. Mo fi ọ̀tún hàn án, mo lọ.

Kò tíì pẹ́ tí mo wo dígí. Iná rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn mi.

Mo lè tẹ bíréèkì. Ìṣẹ́jú kan péré ni oríta fi wà lẹ́yìn wa, mo lè yí padà kí n lọ dúró níbẹ̀ fúnra mi. N kò yí padà. Mo sọ fún ara mi pé ohun tó tọ́ sí Eliécer ni, pé mo ń ran Ludivia lọ́wọ́. Mo gbájú mọ́ ọ̀nà títí a fi bọ́ sínú oòrùn.

A dé Socha kó tó di ọ̀sán. Graciliano bọ́ akoto rẹ̀, ó ní, "Eliécer dà?"

"Ó ń bọ̀ lẹ́yìn," Ludivia ní. "Ẹ jẹ́ ká jẹun."

Wọ́n gbé ọbẹ̀ bálì àti eegun ẹlẹ́dẹ̀ wá. Mo kàn ń fi ṣíbí ro tèmi. Ludivia ń jẹ tirẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń fa mùdùnmúdùn inú eegun, ó gbójú sókè wò mí. "Jẹun, Segundo. Ó ń tutù."

Aago kan lù, aago méjì lù. Òjò bẹ̀rẹ̀ sórí òkè, a ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Graciliano ò lè jókòó mọ́, ó di akoto rẹ̀, ó ní òun ń padà lọ wá a. Fidelia fà sún mọ́ Ludivia. "Ludivia, ṣé o dúró dè é níbi àgbélébùú yẹn?"

"Bí òun ṣe máa ń dúró de èèyàn ni mo ṣe dúró dè é."

"Kí lò ń sọ yẹn?"

Ludivia ní kí ìyá olóúnjẹ fún òun ní omi ìrèké gbígbóná sí i. Nígbà tí Fidelia lọ dúró sí títì láti máa ṣọ́ ọkọ rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Tó bá kú ńkọ́?"

"Fabio ò kú. Ó máa ń wù ú kó ti kú, ṣùgbọ́n kò kú." Ó di ife náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Mo fẹ́ kí òtútù yẹn wọ inú eegun rẹ̀. Kó pe orúkọ wa kó má rí ẹni dáhùn. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́, Segundo. Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò ó, n ò sì rí nǹkan míì tí mo fẹ́."

Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó bá sọ pé Ludivia ti gbèrò ohun tó tẹ̀ lé e, irọ́ ló pa.

Ó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù tí a gbọ́ alùpùpù méjì. Graciliano ló ṣíwájú. Eliécer ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dígí kan ti fọ́, ẹrẹ̀ ti dé itan rẹ̀, ó sì wọ aṣọ onírun àgùntàn ẹlòmíì tó ti gbó. Ètè rẹ̀ ti dúdú. Kò tiẹ̀ dúró kí ẹsẹ̀ rẹ̀ balẹ̀ tó ti ń pariwo.

"Obìnrin yìí ló fẹ́ pa mí! Ó fi mí sílẹ̀! Mo dé oríta, kò séèyàn, kò sí iná, mo gba òsì, mo já sí kòtò! Wákàtí mẹ́rin! Ẹ gba ẹ̀wù lọ́rùn rẹ̀! Ẹ gbà á báyìí!"

Fidelia sáré lọ bá a pẹ̀lú aṣọ ìnujú. Ó nu iwájú orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó fà sẹ́yìn. "Eliécer. Ọtí lò ń rùn."

"Kí ni?"

"Aguardiente. Ẹnu ẹ, àyà ẹ, gbogbo ara ẹ. Graciliano, wá gbóòórùn ẹ̀."

"Mo ti ń gbóòórùn ẹ̀ láti òkè," ọkọ rẹ̀ ní. "Mo kàn dákẹ́ ni."

Mo wo Ludivia. Ife omi ìrèké wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́ gbé e sẹ́nu, kò gbé e dé ibẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. Ó gbé ife náà kalẹ̀.

"Ó ti ń mu láti àárọ̀," ó ní. "Mo kìlọ̀ fún un."

"Irọ́!" Eliécer pariwo, itọ́ ń fò lẹ́nu rẹ̀. "Irọ́ gbuu! Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé n kì í fẹnu kan ọtí lójú ọ̀nà! Lẹ́yìn tí mo ṣubú ni! Àwọn àgbẹ̀ ló rí mi nínú kòtò, ọwọ́ mi ti kú, n ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n ya ẹnu mi wọ́n dà á sí i! Ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ẹni tí òtútù mú lókè yẹn nìyẹn, ta ni ò mọ̀? Ṣé omi tútù ni kí wọ́n fún mi ni?"

Nínú ilé ìdáná, ìyá olóúnjẹ dáwọ́ àwo fífọ̀ dúró. Eliécer náà gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ.

"Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, Don Eliécer," Ludivia ní. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ sọ ọ́ gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn."

Èmi ni Eliécer wò. "Compadre," ó ní, "bá mi sọ fún wọn."

Graciliano yíjú sí mi. "Òótọ́ ni. Segundo, ìwọ lo wà níwájú ẹ̀ lọ́jọ́ Fabio. Ṣé ó dúró?"

"Kò dúró," mo ní. "Mo rí i nínú dígí."

Ọ̀rọ̀ tó gbà mí lọ́dún mẹ́fà nìyẹn. Fidelia wò mí bí ẹni tó rí kòkòrò nínú ìyẹ̀fun. "O rí i," ó ní. "O rí i, o sì ń ta búrẹ́dì fún Fabio láràárọ̀. O ń kí i káàárọ̀."

Ludivia ti yọ fóònù rẹ̀, ó ti pe àbúrò rẹ̀. Fabio gbé e, a ń gbọ́ tí ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé fómù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ti dé Socha?"

"A ti dé. Don Eliécer ní ọ̀rọ̀ fún ẹ. Gbogbo wa là ń gbọ́ ẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Eliécer bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́kọ́ pè é ní àṣìṣe, Ludivia mi orí pé rárá. Ó tún ní kùrukùru pọ̀ lọ́jọ́ náà, Ludivia tún mi orí. Omi ń kán lára Eliécer, kò sẹ́ni tó fún un ní àga. Níkẹyìn ó ní, "Fabio, n ò dúró dè ẹ́. Ìwọ ò mutí. Mo parọ́ mọ́ ẹ."

A gbọ́ tí Fabio gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀.

"Ohun tí mo sọ fún gbogbo yín náà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ọdún mẹ́fà ni mo fi sọ ọ́, ẹ ò gbà. Òun sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti gbà." Ó mí kanlẹ̀. "Ta ló jẹ́rìí sí i?"

"Segundo," Ludivia ní. "Ó rí i nínú dígí lọ́jọ́ náà."

"Segundo." Kò tún sọ nǹkan míì. Ó pa fóònù.

Fidelia ló fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́ lọ́rùn Eliécer, ó sì fà á bíi pé awọ ewúrẹ́ ló ń bó. Ludivia bọ́ tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí tábìlì. Graciliano ní kó gbé e wọ̀, pé kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀.

"Òfin ni," Ludivia ní. "N ò dúró. Ẹ má bẹ̀ mí, n ò kábàámọ̀ rẹ̀. Tí wọ́n bá tún gbé mi padà sí oríta yẹn lọ́la, n ò ní dúró."

Kò sẹ́ni tó béèrè tèmi. Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ti ránṣẹ́ pe Fabio láti ìgbà náà wá. Títí di òní tí mò ń kọ̀wé yìí, kò tíì lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbọ́ tí Ludivia ń ṣíná alùpùpù, mo sáré jáde láìtíì de bàtà. Mo ní, "Ludivia, jẹ́ ká jọ máa lọ."

Ó ń fa ìbọ̀wọ́ wọ̀. "Lánàá, o rí mi nínú dígí."

"Mo rí ẹ. Mo jẹ́ kí o ṣe ohun tí o fẹ́ ṣe ni. Torí tìẹ ni mo ṣe é."

"Torí tèmi." Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀, bó ṣe máa ń wo oníbàárà, ṣùgbọ́n kò ṣàwàdà kankan. "Ọdún mẹ́fà ni mo fi kórìíra Eliécer, ó sì tán lánàá nígbà tó sọ̀rọ̀ yẹn. Àṣé kì í ṣe òun nìkan ló yẹ kí n kórìíra. Ìwọ ò ṣe nǹkan kan torí ẹnikẹ́ni rí, Segundo. O kàn máa ń wò ni."

Ó lọ. Mo de bàtà, mo gbé akoto, mo tẹ̀ lé e láìfọ ojú. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ mo ń rí iná ẹ̀yìn rẹ̀ lórí àwọn kọ́nà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò, lẹ́yìn náà n kò rí i mọ́. Kùrukùru ti bo gbogbo ìsàlẹ̀ yẹn. Nígbà tí mo dé oríta, kò sí níbẹ̀. Mo wo ẹrẹ̀, ipa táyà rẹ̀ gba àárín lọ tààrà, kò tiẹ̀ dẹwọ́ eré. Mo mọ ọ̀nà ilé láti ibẹ̀, mo lè fojú dídì gbà á. Síbẹ̀ mo dúró, mo tan iná sílẹ̀, mo ń retí pé ẹnì kan máa padà wá wò ó bóyá mo ti dé.